Orí Kẹfà: Bí A Ṣe Ń Gba Owó Àsanlé Padà Lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Iná ní Ìlú Ọba

Ẹni tó dàgbà sábẹ́ bíìlì àfojúbù NEPA nílé ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé owó tó bá ti wọ ọ́fíìsì iná, ó wọlé gbére nìyẹn. Ní Ìlú Ọba, òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ bá san kọjá iye iná àti gáàsì tí ẹ lò, tiyín ni. Ìwé àṣẹ tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń ta iná fún ará ìlú pàṣẹ fún un pé bí oníbàárà bá béèrè owó tó ṣẹ́kù sínú àkáǹtì rẹ̀, kí wọ́n tètè dá a padà fún un. Bí iléeṣẹ́ náà bá ní ìdí gúnmọ́ tí kò fi ní dá a padà, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí ọ̀hún fún un.

Àmọ́ wọn kì í sábà gbé owó yìí wá bá èèyàn nílé. Ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń dá a lóhùn, ẹni tó sì mú nọ́mbà mítà dání ni wọn kì í lè já ní koro. Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ yín nìyẹn: ìgbà tó yẹ kí ẹ béèrè, iye tó yẹ kí ẹ béèrè, àti ibi tí ẹ ó gbà bí wọ́n bá kọ̀.

England, Wales àti Scotland ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, níbi tí Ofgem ti ń mójú tó àwọn tó ń ta iná àti gáàsì. Ẹni tó bá ń gbé ní Northern Ireland, abẹ́ Utility Regulator ló wà, Consumer Council tibẹ̀ ni kó sì kó àròyé rẹ̀ lọ.

IBI TÍ OWÓ NÁÀ TI Ń WÁ

Àwọn tó ń fi direct debit sanwó ló sábà máa ń ní owó nílẹ̀. Iye kan náà ni báǹkì ń yọ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n iná tí à ń lò kò dọ́gba lóṣooṣù. Nígbà ooru, ilé kì í fẹ́ hítà, owó á sì máa pọ̀ sí i nínú àkáǹtì. Nígbà òtútù, bọ́ílà á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, yóò sì jẹ owó náà. Bí àjọ lọ́rọ̀ náà rí: à ń dá a nígbà tí nǹkan rọrùn ká lè rí i kó nígbà ìnáwó, kò sì sí èlé lórí rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo owó tó bá wà nílẹ̀ ni owó àsanlé. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ìdílé kan ní Lewisham ń san £160 lóṣù. Láti oṣù Kẹrin dé ìparí oṣù Kẹsàn-án, wọ́n lo iná àti gáàsì tó jẹ́ £85 lóṣù, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ £510. Wọ́n ti san £960. £450 ló wà nílẹ̀ fún wọn. Láti oṣù Kẹwàá dé ìparí oṣù Kẹta, wọ́n lo £225 lóṣù, àròpọ̀ £1,350, wọ́n sì tún san £960. Òtútù ti jẹ £390 nínú £450 yẹn. £60 péré ló kù.

Bí ìdílé yìí bá ti gba gbogbo £450 wọn ní oṣù Kẹsàn-án, gbèsè £390 ni ì bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ fún wọn nígbà tí òtútù bá fi máa lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìparí oṣù Kẹta ni £450 ṣì wà nílẹ̀, owó àsanlé pọ́ńbélé nìyẹn.

Kí ló ń mú owó àsanlé gan-an wá?

Àkọ́kọ́ ni bíìlì àfojúbù. Bí iléeṣẹ́ kò bá rí nọ́mbà mítà yín gbà, á fojú bù ú. Ẹ wo bíìlì yín dáadáa: ibi tí wọ́n bá kọ “estimated” sí, tàbí tí wọ́n fi lẹ́tà E sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́mbà, àfojúbù ni.

Ìkejì ni ìyípadà nínú ilé. Ọmọ lọ sí yunifásítì, ìyá tó wá bá yín tọ́mọ ti padà sí Ìbàdàn, ẹ̀yin fúnra yín lọ lo oṣù méjì nílé, síbẹ̀ direct debit kò yí padà.

Ìkẹta ni iye owó iná fúnra rẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ofgem ti ń fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè ta iná àti gáàsì fún àwọn tí kò wà lórí àdéhùn iye kan pàtó, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ló sì ti ń tún gbèdéke náà ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí owó bá wálẹ̀ tí direct debit yín kò wálẹ̀, àsanlé á máa gorí àsanlé.

Ìkẹrin ni àṣìṣe lórí mítà. Nínú fúláàtì, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé mítà aládùúgbò ni wọ́n kọ sórúkọ yín. Ẹ fi nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ sára mítà wé èyí tó wà lórí bíìlì. Mítà gáàsì tún ní tiẹ̀: àwọn tó ti pẹ́ ń ka gáàsì ní ẹsẹ̀ bàtà oníhàmẹ́ta, àwọn tuntun ń kà á ní mítà oníhàmẹ́ta, tí wọ́n ń kọ ní m³. Bí wọ́n bá fi ìṣirò mítà àtijọ́ ṣe bíìlì fún mítà tuntun, bíìlì yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò: m³ kan gáàsì ń lọ bíi kWh 11. Bí ẹ bá lo m³ 100, tí bíìlì sì ń pè é ní ohun tó lé ní kWh 3,000, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an.

ÌṢIRÒ KÍ Ẹ TÓ BÉÈRÈ

Ìgbà tó dára jù láti béèrè ni ìgbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún. Lásìkò yẹn, ó yẹ kí owó inú àkáǹtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí kò bá tán, iléeṣẹ́ kò ní lè sọ pé òtútù ló ń bọ̀ wá jẹ ẹ́.

Bó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni ẹ fẹ́ béèrè, ẹ ṣe ìṣirò yìí. Ẹ wo iye tí ẹ lò láti ìsinsìnyí títí dé ìparí oṣù Kẹta nínú àwọn bíìlì èṣín. Ẹ yọ iye direct debit tí ẹ ó san láàárín àkókò yẹn kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nínú àkáǹtì. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn ni ẹ lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìdílé wa ní Lewisham. Ká ní £700 ló wà nílẹ̀ fún wọn ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Òtútù á jẹ £1,350, wọ́n á sì san £960. Wọ́n ní láti fi £390 sílẹ̀. £310 ni kí wọ́n béèrè. Ẹni tó bá gbé irú ìṣirò yìí síwájú iléeṣẹ́ kò tún ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn púpọ̀.

ÌGBÉSẸ̀ MÁRÙN-ÚN

1. Ẹ ka mítà. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí nọ́mbà tó wà lójú rẹ̀ àti nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ hàn kedere. Bí mítà iná yín bá ń ka ti ọ̀sán lọ́tọ̀, ti òru lọ́tọ̀, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má sì ṣe gbé ọ̀kan sí ipò èkejì. Bó bá jẹ́ smart meter, ẹ ṣì kà á: àwọn kan wà tí kì í ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ mọ́, tí olówó wọn kò mọ̀.

2. Ẹ fi nọ́mbà náà ránṣẹ́, lórí áàpù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fóònù, kí ẹ sì dúró de bíìlì tuntun. Ẹ má béèrè owó lórí bíìlì àfojúbù, nítorí iye tó wà lórí rẹ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

3. Ẹ ka bíìlì tuntun náà. Bó bá ní ẹ wà “in credit”, iléeṣẹ́ ló jẹ yín lówó. Bó bá ní “in debit”, ẹ̀yin lẹ jẹ wọ́n. Bí iná àti gáàsì bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wo méjèèjì, nítorí wọ́n lè fi owó tó lé lórí ọ̀kan dí gbèsè orí èkejì.

4. Ẹ béèrè. Bí áàpù wọn bá ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè, ìyẹn ló yá jù. Bí kò bá ní, ẹ kọ íméèlì. Fóònù náà dára, àmọ́ ẹ gba orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó fi kọ íméèlì náà. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

“Nọ́mbà àkáǹtì mi nìyí. Mo ka mítà iná àti mítà gáàsì mi lọ́jọ́ báyìí, nọ́mbà wọn nìyí, àwòrán wọn sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gẹ́gẹ́ bí bíìlì yín tuntun, iye báyìí ni mo ní lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ kí ẹ dá iye báyìí padà sínú báǹkì tí direct debit mi ti ń jáde. Bí ẹ kò bá ní dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìdí rẹ̀ àti ìṣirò tí ẹ fi dé ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.”

5. Ẹ wo direct debit yín lẹ́yìn náà. Owó tí ẹ gbà padà ọ̀tọ̀, iye tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù ọ̀tọ̀. Bí wọn kò bá dín iye oṣooṣù kù, owó á tún kó jọ. Ẹlòmíràn á sì gba owó rẹ̀ lónìí, tí wọ́n á fi kún direct debit rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Òfin ní kí wọ́n gbé iye oṣooṣù karí ohun tó dára jù, tó sì bágbà mu jù, tí wọ́n mọ̀ nípa ìlò yín, kí wọ́n sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀.

Ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má ṣe fi ìbínú fagi lé direct debit ní báǹkì. Iye tí wọ́n ń ta iná fún ẹni tó ń san owó lẹ́yìn tí bíìlì bá dé sábà máa ń ga ju ti oní-direct-debit lọ. Ẹ má sì ní kí báǹkì fi ìlànà Direct Debit Guarantee gba owó yìí. Àṣìṣe ni ìlànà yẹn wà fún, bíi kí wọ́n yọ ohun tó ju iye tí wọ́n sọ fún yín lọ. Kò sí fún owó tó kó jọ díẹ̀díẹ̀ lọ́nà tó tọ́.

BÍ WỌ́N BÁ KỌ̀

Ìdí tó mọ́gbọ́n wá wà. Wọ́n lè ní nọ́mbà mítà yín ti pẹ́ jù. Ẹ fi tuntun ránṣẹ́. Wọ́n lè ní òtútù ń bọ̀. Ẹ fi ìṣirò yín hàn wọ́n. Àmọ́ “ìlànà wa nìyẹn” kì í ṣe ìdí.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá lójú, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi “complaint”. Ẹ lo ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá lò ó ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba nọ́mbà àròyé náà lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọn kò yanjú rẹ̀, tàbí tí wọ́n kọ̀wé ṣáájú ìgbà yẹn pé ibi tí ọ̀rọ̀ dé lójú tiwọn nìyẹn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Energy Ombudsman. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù méjìlá lọ lẹ́yìn ìwé wọn yẹn.

Ọ̀fẹ́ ni Ombudsman fún oníbàárà. Ó lè pàṣẹ kí iléeṣẹ́ dá owó padà, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó sì san owó gbà-máà-bínú tó lè tó £10,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bíìlì ilé kì í sábà súnmọ́ iye yẹn. Bí ẹ bá fara mọ́ ìdájọ́ rẹ̀, ó di dandan fún iléeṣẹ́ láti mú un ṣẹ láàárín ọjọ́ 28. Bí ẹ kò bá fara mọ́ ọn, ilé ẹjọ́ ṣì wà níwájú yín.

Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì òfin bá ń dojú rú fún lè pe Citizens Advice ní England àti Wales, lórí 0808 223 1133. Kò sí owó níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ ẹ̀tọ́ yín fún yín, kí wọ́n sì tọ́ yín sọ́nà nípa lẹ́tà.

BÍ Ẹ BÁ Ń YÍ ILÉEṢẸ́ PADÀ TÀBÍ TÍ Ẹ Ń KÓ KÚRÒ

Níbí, ẹ̀tọ́ yín tún lágbára sí i. Iléeṣẹ́ tí ẹ ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bíìlì ìkẹyìn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ bá yí padà sí iléeṣẹ́ mìíràn, èyí tí ẹ fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dá owó yín padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí bíìlì ìkẹyìn bá jáde. Bó bá kọjá ọjọ́ yẹn, ó jẹ yín ní £40 gbà-máà-bínú lórí owó yín. £30 ni tẹ́lẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni wọ́n fi kún un.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, ẹ ka mítà, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fún wọn ní àdírẹ́sì tuntun yín. Bí ẹ bá dé ilé tuntun, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó tú ẹrù, kí gbèsè ẹni tó jáde má baà di tiyín. Ẹ má fagi lé direct debit títí bíìlì ìkẹyìn á fi parí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń padà sí Nàìjíríà, àti àwọn àgbà tó ń lọ simi nílé. Ẹ má ti àkáǹtì báǹkì yín ní Ìlú Ọba pa kí owó iná tó dé. Ẹni tó bá ti tì í pa kó tó lọ, ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí i, wàhálà ni yóò sì rí kó tó sọ ọ́ di owó ní Èkó.

Bí oníbàárà bá di olóògbé, owó tó wà nínú àkáǹtì iná rẹ̀ jẹ́ ara ogún rẹ̀. Kí ẹni tó ń bójú tó ogún náà kọ̀wé sí iléeṣẹ́, kó fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú sí i, kó sì béèrè rẹ̀.

MÍTÀ TÍ À Ń SANWÓ SÍ KÁ TÓ LÒ Ó

Ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ tàbí káàdì ra iná ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà ní owó àsanlé púpọ̀, àmọ́ ohun mẹ́ta wà kó mọ̀. Bó bá ń kó jáde tí owó ṣì wà nínú mítà, kó pe iléeṣẹ́ kó tó fi ilé sílẹ̀, kó sì béèrè bí wọ́n ṣe máa dá a padà. Bó bá ń wọlé, kó má lo kọ́kọ́rọ́ ẹni tó jáde: gbèsè onítọ̀hún lè máa jẹ nínú gbogbo owó tó bá fi sí i. Kó pe iléeṣẹ́, kí wọ́n fún un ní tuntun. Bó bá sì ti san gbèsè àtijọ́ tán tí mítà ṣì ń yọ owó gbèsè, kó pè wọ́n pé kí wọ́n tún mítà tò, kí wọ́n sì dá ohun tí wọ́n yọ lé padà.

ILÉ TÍ ORÚKỌ YÍN KÒ SÍ LÓRÍ BÍÌLÌ

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkáǹtì ni iléeṣẹ́ mọ̀, òun ni wọn yóò san owó fún. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá jọ ń gbé ilé kan tí ẹnì kan sì ń gba owó iná jọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹ ó ṣe pín ohun tó bá padà wá. Bí ìnáwó iná bá wà nínú owó ilé tí ẹ ń san fún onílé, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́. Àmọ́ bí onílé bá ń gba owó iná lọ́tọ̀, kò gbọ́dọ̀ tà á fún yín ju iye tí òun náà rà á lọ. Ẹ lè béèrè bíìlì rẹ̀ láti wò.

BÍ ILÉEṢẸ́ BÁ KÓGBÁ SÍLÉ

Láàárín ọdún 2021 sí 2022, nígbà tí owó gáàsì fò sókè lọ́jà àgbáyé, iléeṣẹ́ iná tó lé ní 20 ló ṣubú. Owó tí àwọn ará ilé ní nílẹ̀ kò bá wọn lọ. Ofgem máa ń yan iléeṣẹ́ mìíràn tí yóò gba àwọn oníbàárà, owó tó wà nínú àkáǹtì wọn á sì bá wọn débẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà fún Bulb tó ṣubú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021: ìjọba fi í sábẹ́ alábòójútó àkànṣe kí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó di ti Octopus Energy ní ìparí ọdún 2022. Bí ẹ bá gbọ́ pé tiyín ti ṣubú, ẹ ya àwòrán mítà, ẹ tọ́jú bíìlì tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì dúró kí iléeṣẹ́ tuntun kàn sí yín.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀

Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó àsanlé ń dùn létí. Wọ́n á fi orúkọ Ofgem tàbí ti iléeṣẹ́ yín ránṣẹ́ sórí fóònù pé kí ẹ tẹ ibì kan láti gba owó yín. Ofgem kì í ta iná, kì í sì í dá owó iná padà fún ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ yín pàápàá ti ní nọ́mbà báǹkì tí direct debit yín ti ń jáde. Ẹ dárí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí 7726, ti íméèlì sí report@phishing.gov.uk. Áàpù tàbí nọ́mbà fóònù tó wà lórí bíìlì yín nìkan ni kí ẹ gbà kàn sí iléeṣẹ́.

Ohun tó kù kò ju kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ mú bíìlì tó dé kẹ́yìn, ẹ wò ó bóyá àfojúbù ni, ẹ lọ ka mítà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jẹ wọ́n, ẹ ó tètè mọ̀, ẹ ó sì lè ṣètò rẹ̀ kí gbèsè tó wúwo. Bó bá jẹ́ àwọn ló jẹ yín, ẹ béèrè, ẹ má tijú. Owó yín lẹ ń béèrè, ẹ kò tọrọ ojúrere lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.